Ṣé kí n yọ pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì kúrò lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Yamaha 200 two-stroke ni mo fi ń kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Lagos Island. Ẹ́ńjìnnì ẹnìkan tó jọ tèmi gẹ́lẹ́ nọ́ọ̀kì lóṣù tó kọjá, písítìnì kan ló jó. Mẹkáníìkì wa ní pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì ló pa á. Ó ní kí èmi náà yọ tèmi dànù, kí n máa fọwọ́ po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù, kí n sì jẹ́ kí ọ́ìlì náà pọ̀ dáadáa. Ṣé lóòótọ́ ni pé pọ́ọ̀ǹpù yìí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì yọ ohunkóhun. Ẹ kò sọ pé tiyín ń ṣe ségesège. Ẹ́ńjìnnì ẹlòmíì ló nọ́ọ̀kì, tiyín ni wọ́n wá fẹ́ tú. Ẹ sì ní písítìnì kan ló jó. Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí n rò pé wọn kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà délẹ̀.

Tó bá jẹ́ Yamaha 200 oníkábúrétọ̀, pọ́ọ̀ǹpù kan ṣoṣo ló ń fún sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ọ́ìlì, jíà ara kíráńkí ló sì ń yí i. Bó bá dákẹ́, gbogbo wọn lọ́ìlì máa wọ́n. Ẹ máa rí i pé ara písítìnì púpọ̀ há yí ká, béárìn á gbẹ, ooru á sì sọ ọ́ di aláwọ̀ búlúù. Ṣùgbọ́n bí písítìnì kan bá dá jó, tí orí rẹ̀ lu tàbí tó yọ́ níhà ibi tí èéfín ń gbà jáde, tí àwọn yòókù sì mọ́ tónítóní, bẹntiróòlù ni kì í sábà tó sílíńdà bẹ́ẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ rẹ̀, ìyẹn ihò tín-ín-rín tí bẹntiróòlù ń gbà kọjá, ti dí, tàbí kí atẹ́gùn máa wọlé níbi tí kò yẹ. Bí ó bá há ní ojú mẹ́rin lọ́gbọọgba, ooru ni, ẹ lọ wo ìmpẹ́là tó ń fa omi. Ìyàtọ̀ kan wà o: Yamaha V6, ìyẹn onísílíńdà mẹ́fà yìí, ní rọ́bà ọ́ìlì tirẹ̀ fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹyọ kan bá dí tàbí tó bọ́, sílíńdà yẹn nìkan ló máa jìyà. Nítorí náà n kò lè búra lórí ẹ́ńjìnnì tí n kò fojú rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá pọ́ọ̀ǹpù lẹ́bi láì tú kábúrétọ̀ wò ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Orúkọ burúkú tí pọ́ọ̀ǹpù ní yìí kò ṣẹ̀yìn Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1984 ni OMC, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì Johnson àti Evinrude, gbé pọ́ọ̀ǹpù tí wọ́n pè ní VRO jáde. Pọ́ọ̀ǹpù kan náà ló ń fa bẹntiróòlù àti ọ́ìlì pọ̀, awẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń mí sókè mí sódò nínú rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ náà. Rọ́bà ń gbó, bẹntiróòlù tó ní ọtí nínú ń bà á jẹ́, àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ kò sì ní ohun tó ń kìlọ̀ pé ọ́ìlì kò lọ mọ́. Wọ́n tún un ṣe, orúkọ kò kúrò. Tiyín kì í ṣe VRO.

Ọ̀rọ̀ “kí ọ́ìlì pọ̀ dáadáa” ló bí mi nínú jù. Àpòpọ̀ 50:1 ni mílílítà 20 sí lítà bẹntiróòlù kan, ìyẹn mílílítà 500 sí kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Àwọn tí wọ́n ń da odindi lítà kan sí kẹ́ẹ̀gì kan, tó jẹ́ 25:1, rò pé ààbò ni wọ́n ń rà. Ojú ihò kan náà ni àpòpọ̀ ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ sí i, bẹntiróòlù ló ń dínkù, àpòpọ̀ náà sì ń ki. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n tí jẹ́ẹ̀tì bá ti dí díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ti ń ti písítìnì sínú iná. Èédú á gbára jọ, ríìngì á lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, pílọ́ọ̀gì á máa dọ̀tí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró de èrò ní jẹ́tì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní síló lẹ máa kọ́kọ́ rí i. Pọ́ọ̀ǹpù mọ ìyàtọ̀: ó ń fún un ní bíi 50:1 nígbà tí ẹ bá finá tán, ó sì ń dín in kù gidigidi ní síló. Ọwọ́ ènìyàn kò lè ṣe ìyẹn. Ta ló sì ń pò ó gan-an? Ọmọ iṣẹ́, láàárọ̀ kùtù, tí èrò ti ń pariwo. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó bá gbàgbé, ó parí.

25:1 wà fún kìkì ìgbà tí ẹ́ńjìnnì aláfọwọ́pò bíi Yamaha Enduro 40 bá ṣì tuntun. Oní-pọ́ọ̀ǹpù tuntun, 50:1 lẹ máa pò sínú táǹkì bẹntiróòlù fún wákàtí 10 àkọ́kọ́, kí pọ́ọ̀ǹpù náà sì máa ṣiṣẹ́ lọ.

Ẹ̀rù kan wà tó yẹ kó bà yín. Iná àti aago ìkìlọ̀ Yamaha, bí ọ́ìlì ṣe kù sí nínú táǹkì ni wọ́n ń wò. Wọn kò mọ̀ bóyá ọ́ìlì ń dé inú ẹ́ńjìnnì. Iná yẹ́lò ní kí ẹ rọ ọ́ìlì sí táǹkì ọ́ìlì ńlá. Iná pupa ní ọ́ìlì táǹkì kékeré orí ẹ́ńjìnnì ti ń tán, aago á dún, ẹ́ńjìnnì á sì fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ sí nǹkan bí 2000 rpm. Ṣùgbọ́n bí pọ́ọ̀ǹpù bá dákẹ́ tí táǹkì sì kún, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ara táǹkì ọ́ìlì ńlá níbi tí ọ́ìlì dé, kí ẹ sì kọ iye bẹntiróòlù tẹ́ ẹ rà. Fún lítà 100, lítà ọ́ìlì kan sí méjì ló yẹ kó lọ bí ẹ bá ń sáré déédéé. Bí kò bá tó ìdajì lítà, ẹ dúró. Ẹ po 50:1 sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ fi rọra wálé, kí ẹ́ńjìnnì má bàa dá yín dúró láàárín ọ̀sà pẹ̀lú èrò.

Ohun tó sábà máa ń ba pọ́ọ̀ǹpù jẹ́ ni omi nínú ọ́ìlì, nítorí òjò àti omi inú ọkọ̀. Ẹ ṣí rọ́bà kékeré tó wà nídìí táǹkì orí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fa omi náà jáde. Òmíràn ni rọ́bà tó ti le tó sì ń jò níbi ìdè. Ẹ tún wo irin tó so apá pọ́ọ̀ǹpù mọ́ tọ́rótù, bóyá àmì rẹ̀ bára mu. Bí ẹ bá tú rọ́bà kankan, atẹ́gùn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ fi 50:1 sínú táǹkì bẹntiróòlù, ẹ ṣí ìdérí kékeré tó wà lára pọ́ọ̀ǹpù, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà ní síló títí ìfófòó kò fi sí nínú ọ́ìlì mọ́. Ọ́ìlì TC-W3, èyí tí wọ́n ṣe fún two-stroke ọkọ̀ ojú omi, ni kí ẹ rà, nínú ike tí wọn kò tíì ṣí. Ti ọ̀kadà kọ́, SAE 40 kọ́.

Bí pọ́ọ̀ǹpù bá bàjẹ́ tí pààtì kò sì sí, ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú jíà tó ń wakọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá fi jíà náà sílẹ̀ láìsí ọ́ìlì, ó lè fọ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi pẹrẹsẹ irin bo ojú rẹ̀, ẹ dí ẹnu rọ́bà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ sì kọ 50:1 gàdàgbà sára táǹkì bẹntiróòlù. Mẹkáníìkì tó mọ Yamaha dáadáa ni kó ṣe é, kì í ṣe ẹni tó ní “a kàn máa dí i ni.”

Àmọ́ Yamaha 200 kan wà tó jẹ́ HPDI. Ti èyí, àti Optimax ti Mercury òun E-TEC ti Evinrude, orí sílíńdà ni bẹntiróòlù ń gbà wọlé. Kò kọjá lára kíráńkí rárá. Ẹ po ọ́ìlì títí ọjọ́ á fi sú, kò ní kan béárìn kankan, pọ́ọ̀ǹpù nìkan ló ń fún wọn ní ọ́ìlì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìbòrí tiyín kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé sípánà.