Ṣé lóòótọ́ ni iná mànàmáná lè wo eyín sàn?

Ẹ̀yin ará Èkìtì Kete, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà eyín ló pọ̀ jù lóṣù yìí, mẹ́ta nínú wọn sì ń béèrè ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ni mo bá kó wọn pọ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo rí i pé eyín iwájú rẹ̀ méjì ní àmì funfun bí ẹfun lẹ́bàá ibi tí eyín ti wọ inú ẹran. Kò dùn ún. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní London wá ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ eyín yẹn, pé wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń fi iná tún eyín ṣe láìsí abẹ́rẹ́ láìsí dírìlì. Ṣé ó ti dé Adó? Èló ni wọ́n ń ṣe é? Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé-Èkìtì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè rí i, torí ọ̀pọ̀ òbí kì í rí àmì yẹn títí á fi di ihò. Àbúrò ọkọ yín ò parọ́, ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó gbọ́ kò délẹ̀ tán.

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka eyín, tí wọ́n bá gbé irú ọmọ yìí jókòó sórí àga tí itọ́ ṣì wà lára eyín rẹ̀, èèyàn lè wò ó títí kó má rí nǹkan kan, àfi tá a bá fi atẹ́gùn fẹ́ eyín yẹn gbẹ, kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó pé ibẹ̀ á ti yọ funfun báláú, kò ní dán bíi tàwọn yòókù, á dà bíi pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. Kálísíọ́mù àti fọ́sífétì tó mú eyín le ló ń yọ́ kúrò níbẹ̀. Kòkòrò inú ẹnu ló ń jẹ ṣúgà tó sì ń pèsè ásíìdì, ásíìdì yẹn ló ń yọ́ eyín. Itọ́ wa náà ò jókòó lásán o, òun ló ń dá kálísíọ́mù yẹn padà, ojoojúmọ́ ni wọ́n jọ ń jà á, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń lá súìtì láti àárọ̀ dalẹ́, tó tún ń fi ṣúgà mu gàrí lọ́sàn-án, ìgbà wo ni itọ́ fẹ́ ráyè ṣiṣẹ́? Iye ìgbà tí ṣúgà ń wọ ẹnu ló ń ba eyín jẹ́ ju bí ṣúgà ọ̀hún ṣe pọ̀ tó lọ.

Ibi tí iná ti wọ̀ ọ́ rèé. Àwọn nǹkan bíi kálísíọ́mù, fọ́sífétì àti fúlóráìdì (èyí tí wọ́n ń fi sínú pésìtì kí eyín lè le), tí wọ́n bá ti yọ́ sínú omi, kálukú wọn ló ń gbé iná tiẹ̀, òmíràn pọ́sítìfù, òmíràn nẹ́gétìfù, irú kan náà sì máa ń lé ara wọn sá. Nẹ́gétìfù ni fúlóráìdì. Tí dókítà bá wá fi oògùn fúlóráìdì sórí eyín, tó gbé wáyà nẹ́gétìfù lé e, tí aláìsàn di wáyà pọ́sítìfù mú lọ́wọ́, iná á máa lé fúlóráìdì yẹn wọ inú eyín lọ. Iontophoresis ni wọ́n ń pè é, kì í sì ṣe nǹkan tuntun, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Stéphane Leduc ti fi han aráyé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900 pé iná lè ti oògùn gba awọ ara wọlé. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ di èyí mú: iná kọ́ ni oògùn. Iná kàn ń ti oògùn ni, bí ìgbà tá a bá ń ti ọkọ̀ gun òkè nílẹ̀ wa níbí.

Ti London yẹn, iṣẹ́ yunifásítì King's College London ló jọ lójú mi. Ní 2014 làwọn onímọ̀ eyín méjì níbẹ̀, Nigel Pitts àti Chris Longbottom, kéde pé àwọn á kọ́kọ́ fọ ibi tó ń bà jẹ́ lára eyín mọ́, lẹ́yìn náà àwọn á fi iná kékeré ti kálísíọ́mù àti fọ́sífétì wọ ibẹ̀ kó lè padà le. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ Reminova sílẹ̀ fún un ní Perth, ní Scotland, wọ́n sì ní ó lè tó ọdún mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà eyín. Ọdún mẹ́ta yẹn ti kọjá tipẹ́, mi ò sì tíì fojú kàn án ní ilé ìwòsàn kankan tí mo wọ̀ ní Èkìtì, torí náà ẹni tó bá ní òun ń fi ẹ̀rọ yẹn ṣe eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ẹ má sì dúró dè é. Bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá bá wa nígbà kan, ó ti ń retí ohun tó gbọ́ lórí fóònù fún oṣù mẹ́jọ gbáko, àmì tó jẹ́ funfun lásán níbẹ̀rẹ̀ ti di ihò tó débi iṣan, ọmọ ò sùn lóru ọjọ́ mẹ́ta. Ó dùn mí gan-an. Ara òde eyín ò ní ẹ̀mí tó fi lè hù padà bí awọ, tó bá ti lu, fílìn tí wọ́n fi ń dí ihò ló kù. Ṣùgbọ́n tó bá ṣì jẹ́ funfun tí kò tíì lu, ó lè padà le, láìsí iná rárá.

Ẹ mú ọmọ lọ sí ẹ̀ka eyín ní ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó, torí kì í ṣe gbogbo funfun ló jẹ́ ìbàjẹ́, òmíràn ti wà lára eyín kó tó hù. Wọ́n lè fi fúlóráìdì tó ń lẹ̀ bíi vánìṣì kùn ún, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò sí dírìlì níbẹ̀. Nílé, pésìtì tó ní fúlóráìdì, ẹ wo ara páálí rẹ̀, kó wà láàárín 1,000 sí 1,500 ppm, kó fi fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ìkan jẹ́ kó tó sùn, kó tu ìfófòó dànù, kó má fi omi púpọ̀ yọ ẹnu. Orin àta dára o, èmi náà ń rùn ún, àmọ́ kó má gba ipò pésìtì lọ́wọ́ ọmọ yìí.

Ìbéèrè: Tí mo bá jẹ iyán gbígbóná tán tí mo wá mu omi fíríìjì, eyín mi á kan, á ta mí wọ agbárí. Ṣé iná yẹn lè ṣe tèmi? Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjerò-Èkìtì.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Irú tiyín gan-an ni wọ́n ti ń lo iná fún láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹran ìdí eyín ló ti sún sókè, gbòǹgbò wá wà níta, ara gbòǹgbò yẹn sì kún fún ihò tín-ín-tìn-ín tí omi wà nínú wọn, tí òtútù bá kàn án, omi yẹn á mì, iṣan á gbọ́ ọ. Sodium fluoride 2%, ìyẹn irú fúlóráìdì kan, ni wọ́n sábà ń lò, iná rẹ̀ kì í sábà tó mílíámpíà kan (gílóòbù tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ń mu ìlọ́po ọgọ́rùn-ún rẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ), ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà. Ó máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ìrora náà sì lè padà wá tó bá yá. Ẹni tí wọ́n fi pacemaker, ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù déédéé, sí láyà kó má sún mọ́ ọn.

Kẹ́ ẹ tó wá a kiri, sà, ẹ yí bọ́rọ́ọ̀ṣì yín padà sí èyí tó rọ̀, ẹ má fi agbára gbo eyín, ẹ má fọ ẹnu gẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ jẹ agbálùmọ̀ tàbí ọsàn tán, kẹ́ ẹ sì ra pésìtì tó ní potassium nitrate, ẹ fún un ní bí oṣù kan. Tó bá jẹ́ eyín kan ṣoṣo ló ń ta yín, ẹ tètè lọ, ó lè ti sán.

Ìbéèrè: Mo ń tún fóònù ṣe ní Adó. Mo ní bátìrì 9 volt àti wáyà, ṣé mo lè fi pésìtì ṣe é fún ìyá mi nílé?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má dán an wò. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ìyá rẹ, ìfẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀rọ dókítà ní ohun tó ń dá iná dúró kó má kọjá iye tí wọ́n fẹ́, bátìrì rẹ ò ní in, ẹnu sì tutù, iná á ya wọ ibi tó bá wù ú. Ibi tí wáyà bá kan, ásíìdì á kóra jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tó ń jóni bíi ọṣẹ líle á kóra jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, tí iyọ̀ bá wà níbẹ̀ gáàsì klórínì lè jáde, ẹran ẹnu Màmá á bó. Tá a bá ní ká lo iná NEPA, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eyín, ikú ni.

Eyín wo gan-an ló ń dun Màmá, ṣé ó ti ní ihò? Tó bá ti ní, tí wọn ò sì fẹ́ dírìlì, béèrè silver diamine fluoride lọ́wọ́ dókítà eyín. Oògùn olómi ni, wọ́n á fi kun ibẹ̀, ó ń dá ìjẹrà dúró, ibẹ̀ á dúdú ṣá, kí Màmá ti mọ̀ kí wọ́n tó fi sí i. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti fi í sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí láti 2021. Bá wọn lọ fúnra rẹ, kó o sì kọ̀wé sí mi tí wọ́n bá ti wò ó.