Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Alájọ Ni Kí Wọ́n Bi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ 40 ni mò ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń wádìí ohun tí oníbàárà fẹ́ kó tó kọ sọ́fítíwíà. Wọ́n mọ ìtumọ̀ gbogbo ẹ̀ sórí, àmọ́ ohun kan náà ni gbogbo wọn máa ń kọ wá: “Ó gbọ́dọ̀ yára, kó sì rọrùn láti lò.” Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wọn ò rí oníbàárà kankan bi ní ìbéèrè ni. Ẹ ní kí wọ́n kọ áàpù fún alájọ. Ẹ sáà mọ alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní ó ń gba àjọ láìkọ ọ́ sílẹ̀: orí ni òfin iṣẹ́ náà wà, ó sì ti mọ́ alájọ lára débi pé kò ní rántí sọ ọ́.

Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ 8, èèyàn 5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ ò bá rí alájọ gidi, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yá ẹgbẹ́ mìíràn ní ẹnì kan tó máa ṣe alájọ. Ẹ kọ òfin 6 fún un, tí kò gbọ́dọ̀ sọ àfi tí ìbéèrè bá kàn án gan-an: owó ọjọ́ kan lóṣù ni owó iṣẹ́ alájọ; ẹni tó san ti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀; ẹni tó fẹ́ gbowó kí oṣù tó parí; ẹni tó fẹ́ yáwó; ẹni tó yí iye tó ń dá padà; ibi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́jà. Nínú àwọn 4 tó kù, méjì á bèèrè, ẹnì kan á kọ ọ́, ẹnì kan á máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yéni. Ogún ìṣẹ́jú ti tó, lédè Yorùbá.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ rèé: wọ́n á máa bèèrè pé “Ṣé ẹ fẹ́ kó ní ibi ìforúkọsílẹ̀?” Alájọ á ní bẹ́ẹ̀ ni, sí gbogbo ẹ̀. “Ẹ ṣàlàyé bí ẹ ṣe gbowó lánàá, látàárọ̀” ló ń tú àṣírí jáde. Kí wọ́n sì ní kó fi káàdì àjọ hàn wọ́n.

Tí wọ́n bá ń kọ ohun tí alájọ fẹ́ sínú ìwé, ẹ fòfin de “yára”. Kí wọ́n kọ pé: “Tí alájọ bá tẹ iye owó, kí ó hàn lórí káàdì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, bí kò tilẹ̀ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.” Ìgbékalẹ̀ yìí bá EARS (Easy Approach to Requirements Syntax) mu, ìlànà kíkọ ohun tí ẹ̀rọ tàbí sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ ṣe, tí Alistair Mavin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rolls-Royce gbé jáde ní 2009. “Tí… bá… kí…” sì rọ Yorùbá lọ́rùn.

Lọ́sẹ̀ kejì, kí wọ́n pààrọ̀ ìwé. Ẹgbẹ́ tó gbà á ò gbọ́dọ̀ bi ẹni tó kọ ọ́ ní nǹkan kan. Kí wọ́n fi ìwé náà nìkan ṣírò: ẹni tó dá ₦500 fún ọjọ́ 31, èló ló máa gbà? Tí wọ́n bá rí ₦15,500 dípò ₦15,000, owó iṣẹ́ alájọ ti bọ́ sọnù nínú ìwé. Ẹ wá fún àwọn tó kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú 10 láti padà lọ bá alájọ, àmọ́ kí ẹni tó ń kọ̀wé tẹ́lẹ̀ di abèèrè, torí ẹni tó gbọ́n lẹ́nu jù nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀.

Máàkì 5 fún òfin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wú jáde. Ẹ má fún gígùn ìwé ní máàkì kankan.