"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú": kí ló kan átọ́ọ̀mù tútù?

Ìbéèrè, láti Akoka: Olùkọ́ físíìsì wa ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi átọ́ọ̀mù tó tutù gan-an wọn òòfà ilẹ̀ (agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀), ló bá pa á lówe: "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko." Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni mo mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣé ó bá a mu?

Ìdáhùn: Ó bá a mu dáadáa. Ẹni tó fẹ́ fipá yanjú ọ̀ràn làwọn àgbà ń pa á fún, pé kó rọra.

Nínú yàrá lásán, átọ́ọ̀mù rubidium, irin rírọ̀ kan, ń sáré bíi mítà 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohunkóhun tí ẹ bá fi dì í mú, ooru ara rẹ̀ ni yóò ràn án. (Kò sí fíríìsà níbẹ̀ rárá o; bí eré rẹ̀ ṣe ń dín ló ń tutù.) Ìmọ́lẹ̀ lésà ni wọ́n fi ń tì í láti ọ̀nà mẹ́fà, nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán. Ìtì kan ṣoṣo ń yọ bíi mìlímítà 6 péré kúrò nínú eré yẹn, nítorí náà ìtì bíi 50,000 ni yóò dá a dúró. Ìgbọ̀nrìrì ìmọ́lẹ̀ náà (iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) gbọ́dọ̀ dín díẹ̀ sí èyí tí átọ́ọ̀mù ń gbà; bó bá lé díẹ̀, ṣe ni yóò tún máa gbóná.

Bí eré bá ti kù sí sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á jẹ́ kó já bọ́, lésà á sì kọ mànà lẹ́ẹ̀mẹta: àkọ́kọ́ pín ọ̀nà rẹ̀ sí méjì, èkejì yí wọn padà, ẹ̀kẹta pa wọ́n pọ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ka bí òòfà ṣe fà á tó. Bí àlàfo mànà kan sí èkejì bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, yóò já bíi 20 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tó gbóná ì bá ti fò lọ ní 60 mítà. Ẹ sọ àlàfo náà di ìlọ́po méjì, ẹ̀rọ á mọ òòfà ní ìlọ́po mẹ́rin. Èrè ẹ̀sọ̀ nìyẹn.

Ní Marina, jẹnẹrétọ̀, dánfó àti ìgbì òkun á máa mi dígí tó ń dá lésà padà, ẹ̀rọ á sì ka mímì náà sí òòfà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ju ìkùukùu átọ́ọ̀mù méjì, ọ̀kan lókè ìkejì, sábẹ́ lésà kan náà, kí wọ́n lè yọ mímì tó kan àwọn méjèèjì kúrò. Ní 2022, Yunifásítì Birmingham kéde pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí ihò kan lábẹ́ títì, torí òòfà máa ń dín díẹ̀ lórí ibi tó ṣófo. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí omi ti súnmọ́ òkè ilẹ̀, ihò tó kún fómi á ṣòro í rí ju èyí tó ṣófo lọ, torí ìwúwo omi súnmọ́ ti iyanrìn ju ti afẹ́fẹ́ lọ.