Àyẹ̀wò ni kí ẹ sanwó fún, kì í ṣe ìwé

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín tán. Ẹ ní ọmọ mẹ́ta ló ń kọ́ ijó nílé yín, àwọn ìbejì ọmọ ọdún 7 àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó ti pé ọdún 12. Ilé ẹ̀kọ́ ijó ní kò sẹ́ni tó máa tẹsẹ̀ bọ kíláàsì láìmú ìwé dókítà tó jẹ́rìí pé ara ọmọ gbà á láti jó wá, dókítà sì ń gba owó ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, lọ́dọọdún. Ẹ wá béèrè pé ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní pọ́ọ́kú, torí ìwé lásán náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù kí n sọ tèmi, torí mo ti wá ìwé pọ́ọ́kú yẹn rí, mo sì rí i. Ọdún méjì ni mo fi rà á.

Ọmọbìnrin mi pé ọdún 10 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ijó. Òbí kan tí a jọ máa ń dúró de àwọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ló júwe dókítà kan fún mi. Ó ní owó rẹ̀ ò wọ́n, kì í sì í dá èèyàn dúró. Òótọ́ ló sọ. A wọlé, ọmọ jókòó, dókítà bi í pé ṣé ara rẹ̀ yá, ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kan tó ti wà ní títẹ̀ sílẹ̀, ó lu òǹtẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ọmọ ò bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀. Inú mi dùn débi pé èmi náà júwe ibẹ̀ fún ẹlòmíì. Lọ́dún kejì, ọmọ ò tilẹ̀ bá mi lọ, ilé ìwé ló wà. Èmi nìkan ni mo lọ gba ìwé, tí mo sanwó, tí mo sì padà sílé kí ìdajì wákàtí tó pé.

Lọ́dún kẹta, nígbà tí mo débẹ̀, dókítà yẹn ti kó kúrò. Sáà ti ku ọjọ́ díẹ̀ kó wọlé, ni mo bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tí n ò mọ̀ rí. Owó tí wọ́n pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Mo kùn. Mo sọ fún akọ̀wé wọn pé ìwé ijó lásán ni mo wá gbà, kì í ṣe pé ọmọ ń ṣàìsàn. Ó ní dókítà kì í kọ ìwé fún ọmọ tí wọn ò bá yẹ̀ wò. Àfi kí n san án, torí ọmọ ti ń sunkún pé kíláàsì òun máa fi òun sílẹ̀.

Ìbéèrè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹnìkan wà nínú ẹbí tó kú lójijì nígbà tí kò tíì pé 50? Ṣé ọmọ máa ń dákú tàbí kí òòyì kọ́ ọ nígbà tó bá ń jó? Ṣé àyà máa ń dùn ún? Ṣé nǹkan oṣù ti dé? Kí ló máa ń jẹ kó tó lọ sí kíláàsì? Wọ́n wọn gíga rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kó dùbúlẹ̀, wọ́n gbọ́ ohùn ọkàn rẹ̀, wọ́n tún ní kó dìde dúró, wọ́n sì tún un gbọ́. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ohùn kan wà nínú ọkàn tí kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí èèyàn bá dìde dúró ni wọ́n máa ń pariwo sí i, irú ìyẹn sì ni àwọn kì í fẹ́ kó lọ láìgbọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó bọ́ aṣọ òkè àti bàtà, kó kọ ẹ̀yìn sí wa, kó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, kó wá máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀. Dókítà lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀ títí ojú wọn fi bá ẹ̀yìn ọmọ dọ́gba. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Màmá, ẹ wá lóṣòó síbí kí ẹ wò ó."

Ẹ̀yìn ọmọ mi lápá ọ̀tún ga ju ti òsì lọ. Bí ẹni pé wọ́n ki àtẹ́lẹwọ́ kan sábẹ́ awọ níbẹ̀. Nígbà tó nàró padà, kò sí mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ gún régé lójú mi. Ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ náà ni pé mi ò rántí ìgbà tí mo ti rí ìhòòhò ẹ̀yìn ọmọ náà kẹ́yìn. Ọmọ ọdún 12 ń dá wẹ̀, ó ń tilẹ̀kùn mọ́ra. Èmi tí mo bí i, n ò wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta.

Scoliosis ni wọ́n pè é, kí ọ̀pá ẹ̀yìn máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó sì máa lọ́. A lọ ya fọ́tò eegun, wọ́n wọn ibi tó tẹ̀ sí, ó jẹ́ dígírì 28. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni pé, tí kò bá tíì tó 25, wọ́n sábà máa ń ṣọ́ ọ ni. Láti 25 títí dé bí 40, tí ọmọ bá ṣì ń dàgbà, bréèsì ni, ìyẹn ohun líle tí wọ́n ń dè mọ́ àyà àti ẹ̀yìn kó má baà tẹ̀ sí i. Tó bá ti kọjá 45 tàbí 50, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ló máa ń kàn. Ìgbà tí ọmọ bá ń yára ga gan-an ni ẹ̀yìn tó tẹ̀ máa ń yára tẹ̀ sí i, ìyẹn láti bí ọmọ ọdún 10 lọ sókè. Ẹ ṣàkíyèsí iye ọdún yẹn, Ìyá Ìbejì.

Ijó kọ́ ló fà á. Mo béèrè, torí mo ti fẹ́ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ kì í ní ìdí kan pàtó tí èèyàn lè tọ́ka sí. Àmọ́ ó pọ̀ láàárín àwọn oníjó: nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1986 lórí àwọn oníjó ballet (ijó òyìnbó tí wọ́n máa ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀ jó) 75 tó ń fi ijó jẹun, 24 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní in, nígbà tó jẹ́ pé láàárín àwọn ọmọ yòókù, bíi 2 sí 3 ni nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún rí i pé ó ń pọ̀ láàárín àwọn tí nǹkan oṣù wọn pẹ́ kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi bi ọmọ mi léèrè nǹkan oṣù àti oúnjẹ, tí mo sì rò pé ó ń tojú bọ ohun tí kò kàn án.

Wákàtí 18 lójúmọ́ ni ọmọ mi fi wọ bréèsì. Ó ń bọ́ ọ tó bá fẹ́ jó, ó ń wọ̀ ọ́ padà tó bá ṣe tán. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2013 ni dókítà fi fún wa nígboyà: nínú àwọn ọmọ tó wọ̀ ọ́, 72 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀yìn wọn ò tẹ̀ dé ibi iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó dàgbà tán, nínú àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́, 48 ni. Bí wákàtí tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ bá sì ṣe pọ̀ tó ni èrè rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

N ò lè búra pé dókítà àkọ́kọ́ ì bá rí nǹkan kan ká ní ó wò ó. Bóyá ẹ̀yìn náà ò tíì tẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Bóyá ó ti tẹ̀ díẹ̀ lọ́dún kejì. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo wá ìwé méjèèjì jáde nínú fáìlì, mo kà wọ́n dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, "Mo jẹ́rìí pé mo yẹ ọmọ yìí wò lónìí." Lónìí. Ọjọ́ tí ọmọ wà ní ilé ìwé. Irọ́ ni mo fowó ra, èmi ni mo sì tún fọwọ́ ara mi gbé e lọ fún ilé ẹ̀kọ́ ijó.

Ní ti owó tí ẹ ń kígbe lé lórí, ẹ ò jẹ̀bi. Ó ń dùn èèyàn, pàápàá tó bá jẹ́ pé ọmọ ju ẹyọ kan lọ. Adójútòfò ìlera sábà máa ń kọ̀ ọ́ torí ọmọ ò ṣàìsàn, ẹlòmíì ló ní ká lọ mú ìwé wá. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ nìyí. Kí ẹ tó lọ rárá, ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ ijó pé kí ni wọ́n fẹ́ gan-an. Ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n fẹ́ kí ìwé náà sọ hàn yín. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé ìwé ìbéèrè tí òbí máa fọwọ́ sí ti tó fún ọmọ kékeré. Ibòmíràn, òfin ló sọ pé dókítà ni. Bí àpẹẹrẹ, òfin ilẹ̀ Faransé sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ijó mú ìwé dókítà wá, kí wọ́n sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 4 wọ kíláàsì ijó, ó sì sọ pé ohun tó wà fún ọmọ ọdún 6 àti 7 ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nìkan, láìfipá na oríkèé wọn. Owó ìwé lásán kì í padà sápò òbí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ọdún 8 sí 9, 11 sí 13, àti 15 sí 16 jẹ́ ọ̀fẹ́ fún òbí, dókítà sì lè kọ ìwé eré ìdárayá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí ẹ ti lè rí owó fi pamọ́ nìyẹn, níbikíbi tí ẹ bá wà. Tí àwọn ọmọ bá ní àyẹ̀wò kan tí adójútòfò tàbí ìjọba ń san, tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára kan tó kù, ẹ so ìwé ijó mọ́ ọn. Ẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá fẹ́ jáde, torí àkókò tí wọ́n máa là sílẹ̀ fún yín yàtọ̀. Tí ọmọ bá tún ń lúwẹ̀ẹ́ tàbí ń sá eré, ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo. Èmi ti sanwó ẹ̀ẹ̀mejì rí láàárín oṣù kan torí ìwé àkọ́kọ́ kò dárúkọ ju ijó lọ. Ẹ wo déètì náà dáadáa: tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń kà á láti ọjọ́ tí dókítà fọwọ́ sí i, tí ẹ bá lọ oṣù mẹ́ta ṣáájú, ó lè kú kí sáà tó parí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù kó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Tí owó ò bá sì tó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́gbọọgba, èmi ò ní pín in dọ́gba. Tí àwọn ìbejì ò bá ní àìsàn kankan, tí kò sì sí ikú òjijì nínú ẹbí, àyẹ̀wò ṣókí lè tó wọn lọ́dún yìí. Ẹ̀gbọ́n wọn ni kí ẹ ná owó lé. Ọdún 12 ni gbogbo nǹkan ń ṣẹlẹ̀: ó ń ga, nǹkan oṣù ń bọ̀ tàbí ó ti dé, olùkọ́ ijó sì máa tó sọ̀rọ̀ bàtà tí wọ́n fi ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìṣègùn ijó, IADMS, ti sọ pé kí ọmọ má wọ bàtà yẹn kó tó pé 12, pé ọjọ́ orí nìkan ò sì tó, àfi kí ọrùn ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀ lágbára tó. Ẹ ní kí dókítà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti débẹ̀.

Kí dókítà tó mú bírò, ẹ bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi wo ẹ̀yìn rẹ̀?" Èyí tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ mú ọmọ yín, kí ẹ máa lọ.

Ọmọ mi ti pé 17 báyìí. Ó ti bọ́ bréèsì, dígírì 30 ni ẹ̀yìn rẹ̀ dúró sí, ó sì ń jó. Ní alẹ́ òní, kí ẹ̀gbọ́n àwọn ìbejì tó wọlé wẹ̀, ẹ ní kó tẹ̀ síwájú kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí apá kan bá ga ju èkejì lọ, ẹ má dúró de ìwé ijó kẹ́ẹ tó gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe rí.