Nọ́ńbà kékeré inú ìdọ́gba kẹ́míkà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olùkọ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ni mí ní Òṣogbo, mo sì ń múra WAEC lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n dọ́gba CaC₂ + H₂O → Ca(OH)₂ + C₂H₂. Mo rí i pé omi kò tó lápá òsì, mo bá sọ ọ́ di H₄O₂. Gbogbo rẹ̀ pé régí, síbẹ̀ olùkọ́ wa fagi lé e. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Oríṣi ìyípadà kẹ́míkà wo sì ni?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, òǹkà rẹ pé, àmọ́ o ti sọ omi di nǹkan mìíràn. Nọ́ńbà kékeré ìsàlẹ̀ yẹn ló ń sọ ohun tí nǹkan jẹ́. Háídírójìn méjì, ọ́síjìn kan: omi nìyẹn. Fi ọ́síjìn kan ṣoṣo lé e, ó di H₂O₂, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fọ egbò, tó máa ń hó yeeye lójú ọgbẹ́. Dákun, má ṣe fọwọ́ kan nọ́ńbà kékeré yẹn mọ́ láé. Iwájú ni kí o kọ nọ́ńbà tìrẹ sí:

CaC₂ + 2H₂O → Ca(OH)₂ + C₂H₂

Wá gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kábáìdì (CaC₂) gíráàmù 64 àti omi gíráàmù 36 jẹ́ 100. Ẹrẹ̀ funfun tó kù nísàlẹ̀ àgbá tí ẹ ti ń da omi pọ̀ mọ́ kábáìdì jẹ́ 74, gáàsì tó jáde, C₂H₂ tí ẹ fi ń wẹ́dà, jẹ́ 26. 100 náà ni! Ohun tí Antoine Lavoisier, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, kọ sílẹ̀ ní Paris ní 1789 nìyí: ohunkóhun kì í sọnù, ohunkóhun kì í sì yọ látòfo. Ẹrẹ̀ tí ọ̀gá yín ń ní kí ẹ dà nù yẹn ni Ca(OH)₂. Má fọwọ́ lásán kó o, ó máa ń jẹ ara.

Ó yá, ẹ ṣáná sí gáàsì náà:

C₂H₂ + O₂ → CO₂ + H₂O

Kábọ́ọ̀nù ni kí o kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà háídírójìn. Fi O₂ sí ìkẹyìn, torí òun nìkan ló dá dúró. Bí o bá yí iye rẹ̀ padà, kò ní da ẹlòmíràn rú. Kábọ́ọ̀nù méjì fún wa ní 2CO₂, H₂O sì wà ní ẹyọ kan. Ọ́síjìn apá ọ̀tún wá di márùn-ún, bẹ́ẹ̀ méjì-méjì ló ń rìn lápá òsì. Sọ ohun gbogbo di ìlọ́po méjì:

2C₂H₂ + 5O₂ → 4CO₂ + 2H₂O

Ní ti oríṣi tí o tún bi mí, ìpààrọ̀ ni ti àkọ́kọ́, torí kábáìdì àti omi gba ẹnìkejì ara wọn. Ìjóná ni èkejì. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń sun ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, CaCO₃ → CaO + CO₂, ìtúká nìyẹn, ó sì ti dọ́gba fúnra rẹ̀.

Mo bẹ̀ ọ́, nítorí ìyá tó bí ọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nítòsí àgbá yẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ inú rẹ̀, ìṣáná kan ti tó láti bú u.

Dọ́gba gáàsì ìdáná yìí fúnra rẹ: C₄H₁₀ + O₂ → CO₂ + H₂O. Bí 13 kò bá yọ níwájú O₂, tún un kà.