Tó bá ti di Nòfẹ́ḿbà, ọmọ mi ní Kánádà kì í gbé fóònù mọ́

Ìbéèrè: Àǹtí wa, okun o. Ìyàrá Ìjùmú ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní Winnipeg ní Kánádà, ọdún kejì rèé. Tó bá ti di Nòfẹ́ḿbà báyìí ó máa yí padà, kò ní gbé fóònù, oorun ṣáá, búrẹ́dì àti nǹkan dídùn ló máa ń jẹ, á tún máa sunkún láìnídìí. Tó bá di Épírì ara ẹ̀ á tún yá gágá. Bàbá ẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ayé ló ń ṣe é. Ṣé òtútù ló fà á ni, àbí ká ní kó máa bọ̀ nílé?
Ìyá tọ́kàn ẹ̀ ò balẹ̀

Ìdáhùn: Ìyá mi, okun o, ẹ kú àdúrótì ọmọ. Ẹ bá mi sọ fún bàbá pé ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Oorun àsùnjù, búrẹ́dì, kéèyàn má fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, kó máa bẹ̀rẹ̀ tí òtútù bá ń wọlé kó sì lọ tí ooru bá dé, àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní SAD ló jọ, ìyẹn Seasonal Affective Disorder, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó máa ń bá àsìkò wá. Ọdún 1984 ni dókítà Norman Rosenthal àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ fáráyé, South Africa ni ọkùnrin yẹn sì ti wá o, ìgbà tó dé New York ló ṣàkíyèsí pé ara òun náà ò gbé kánkán mọ́ lásìkò òtútù. Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ náà ń ní in, obìnrin ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Òtútù gan-an kọ́, ìmọ́lẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ wa, ọyẹ́ lè mú kí ètè bẹ́ kí eruku bo gbogbo òkè, oòrùn á ṣì yọ kó tó di aago 7 àárọ̀, á kọjá 6 ìrọ̀lẹ́ kó tó wọ̀. Ní Winnipeg níparí Dìsẹ́ḿbà, aago 8 á ti kọjá kí oòrùn tó yọ, tó bá ti tó bí 4 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ó ti wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó ń wọ ojú ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́, tí kò bá rí i, ara á ṣì máa rò pé òru ni. Tó bá wá lọ jẹ́ pé yàrá abẹ́ ilẹ̀ ló háyà torí owó, tó jẹ́ fèrèsé kékeré kan lókè lọ́hùn-ún tí yìnyín ti bò, ó lè má rí ojúmọmọ rárá. Ẹ bi í.

Àpótí iná kan wà tí wọ́n ń pè ní light box, kó ra èyí tó jẹ́ 10,000 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó), torí iná yàrá lásán kì í sábà tó 500. Tó bá ti jí, kó gbé e síwájú, kó máa mu tíì ẹ̀ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kó má tẹjú mọ́ ọn. Tó bá ní àìsàn ojú, tàbí tí ara ẹ̀ máa ń yá sódì nígbà mìíràn débi pé kì í sùn, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Fáítámì D dáa fún egungun aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, àmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ iná yẹn.

Ẹ̀yin náà níṣẹ́ ńbẹ̀, mà. Aago 7 àárọ̀ tẹ́ ẹ máa ń parí àdúrà tẹ́ ẹ sì ń gbé fóònù, òru gangan ni lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ pè é ní 7 alẹ́, ọ̀sán 12 ni níbẹ̀, ẹ ní kó wọ kóòtù kó jáde síta, kẹ́ ẹ jọ máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ owó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ ẹni tó bímọ fún un, ẹni tó gbéyàwó, kó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹ máa gbàdúrà o, èmi náà ń gbà á fún tèmi, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ayé sí i létí, torí ẹni tó bá ti gbà pé ayé ló ń ṣe òun ò ní lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tó bá sì sọ lọ́jọ́ kan pé ikú yá ju kóun wà láàyè, ẹ má bá a jiyàn, nọ́ḿbà 988 tí ẹni tó bá ń ro ikú lè fi rí ìrànlọ́wọ́ wà ní gbogbo Kánádà láti ìparí 2023, tọ̀sán-tòru, ọ̀fẹ́ ni, kó pè é tàbí kó fi téèsì ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ti pé kó máa bọ̀ nílé, mi ò rò pé ó tíì dé bẹ̀. Kó sọ fún dókítà ilé ìwé ẹ̀, tí wọ́n bá fún un lóògùn kó lò ó, tó bá sì di Ọ̀kítóbà tó ń bọ̀ kó ti tan iná yẹn, kó má dúró dìgbà tí ẹkún bá ti bẹ̀rẹ̀.