Àlọ ni wọ́n sanwó rẹ̀, ta ló máa san ti àbọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ni mò ń gbé. Mo ní kámíọ̀ onítáyà mẹ́wàá kan, èmi náà ni mò ń wà á. Lóṣù tó kọjá mo gbé ẹrù láti Kútọnu lọ sí Parakú, 400,000 sẹ́fà ni wọ́n san. Láti ìgbà tí mo kúrò nílé títí mo fi padà dé, aago ọkọ̀ ka 940 kìlómítà, ọjọ́ márùn-ún ló sì gbà mí. Mo ra epo, mo san owó pééjì (owó géètì ojú ọ̀nà), ohun tó kù lápò mi lé ní 175,000. Mo ní mo jèrè. Àfi bí táyà méjì ṣe bẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá àwọn ọmọ ni mo lọ yáwó lọ́wọ́ rẹ̀. Èló gan-an ló yẹ kí n máa gbà? Ṣé kí n sì máa gbé ẹrù olówó kékeré bọ̀ láti Parakú, àbí kí n máa sáré bọ̀ lófìfo?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o kú ewu ọ̀nà. Kí n tó dá ọ lóhùn lórí èló, jẹ́ ká kọ́kọ́ tú 940 kìlómítà yẹn palẹ̀. Kútọnu sí Parakú nìkan lo fi ní ẹrù lẹ́yìn, ìyẹn ò ju bíi 415 lọ. 525 tó kù, afẹ́fẹ́ lo gbé. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ń kó ìwé ìnáwó wọn wá bá mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, àbọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń kà sí òfìfo. Wọ́n á gbàgbé bíi 140 kìlómítà tí wọ́n sá láti Kétu dé Kútọnu kí ẹnikẹ́ni tó ju àpò kan sínú ọkọ̀.

Ó yá, ká ṣírò. Ọkọ̀ bíi tìrẹ, bó bá lẹ́rù, ká ní ó ń mu 38 lítà ní 100 kìlómítà; lófìfo, 26. (Tìrẹ lè yàtọ̀. Rọ epo kún táńkì fọ́fọ́, rìn, kó o tún rọ ọ́ kún, wàá mọ iye tó ń mu.) Àlọ tó lẹ́rù jẹ́ 158 lítà, òfìfo jẹ́ 137, àpapọ̀ 295. Ká fi lítà kan sí 700, ó di 206,500. Pééjì àti wẹ́wẹ̀ ojú ọ̀nà, ká fi sí 15,000. Yọ ọ́ kúrò nínú 400,000, ó ku 178,500. Ibí yìí lo dúró sí, lo bá ní o jèrè.

Táyà ńkọ́? Mẹ́wàá, ká ní ọ̀kan jẹ́ 150,000, mílíọ̀nù kan àbọ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá rìn tó 60,000 kìlómítà kí wọ́n tó jẹ tán, kìlómítà kọ̀ọ̀kan ti jẹ táyà 25 sẹ́fà. Fi 45 kún un fún ọ́ìlì, búréèkì àti ohun tí mẹkáníìkì máa rí: 70 sẹ́fà. Ní 940 kìlómítà, 65,800. Díẹ̀ lára owó táyà méjì tó bẹ́ yẹn ti wà nínú 178,500 rẹ tẹ́lẹ̀, ìwọ lo ná an.

Owó ọjọ́ ló wá kù, òun làwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Asiránsì (owó ìbánigbófò), owó àyẹ̀wò ọkọ̀, owó orí, owó ọmọ iṣẹ́ rẹ, àti owó tìrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, tìrẹ. Bó o bá gba awakọ̀, ṣé ọ̀fẹ́ ló máa bá ọ wà á? Kó gbogbo rẹ̀ jọ fún ọdún kan, kó o fi iye ọjọ́ tí ọkọ̀ ṣiṣẹ́ lóòótọ́ pín in, má fi 365 pín in. Ká ní ó bọ́ sí 25,000 lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ márùn-ún, 125,000. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 412,300. Wọ́n san 400,000 fún ọ. Ìwọ lo fi 12,300 ta oníbàárà lọ́rẹ.

Wò ó báyìí: ọkọ̀ rẹ ń ná bíi 439 sẹ́fà ní kìlómítà kan. Àmọ́ nítorí pé 415 péré ni ẹnìkan ń sanwó fún, kìlómítà ẹlẹ́rù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú 993 wálé kó o tó rí ojú owó rẹ. Bó o bá mọ 439 láìmọ 993, gbèsè ló ń bá ọ bọ̀ láti Parakú.

Nítorí náà, tí ò bá ní sí ẹrù kankan fún ọ mọ́ ní gbogbo ìrìn náà, má gba ohun tó dín ní 450,000. Ṣé wọ́n máa gbà láti san án? Nígbà mìíràn, wọn ò ní gbà. Láti ìgbà tí ẹnubodè Niger ti di títì ní 2023, ọ̀pọ̀ kámíọ̀ tó máa ń gba Malanville, ìlú ẹnubodè wa lókè, kọjá ló padà wá ń wá ẹrù láàárín ìlú, ìwọ náà sì ti rí ohun tí ìyẹn ṣe fún owó ẹrù. Bí owó ò bá gòkè, òfìfo la máa dín kù.

Tọ̀dọ̀ ilé ni kó o kọ́kọ́ dí. Kétu ni wọ́n ti mọ̀ ọ́, kò sí ẹni tó máa bi ọ́ ọmọ ta ni ọ́. Àwọn ìyá tó ń kó gàrí àti àgbàdo lọ sí Kútọnu ń wá ọkọ̀ lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá san 60,000 péré, epo tó máa lé lórí 140 kìlómítà kò ju 17 lítà lọ, kò tó 12,000. Kò sí owó tó rọrùn tó o nínú gbogbo ìrìn yẹn.

Wàyí o, Parakú. Ẹnìkan ní kó o bá òun gbé iṣu dé Bohicon, 90,000. Inú lè bí ọ, torí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba 400,000 wá síbẹ̀ ni. Má jẹ́ kó bí ọ. Ẹrù wà o, ẹrù ò sí o, apá ibẹ̀ lo máa gbà kọjá. Èló ni ẹrù náà máa fi kún ìnáwó rẹ? Epo tó lé lórí bíi 290 kìlómítà, 35 lítà, 24,500. Ọjọ́ kan tó o fi dúró kí àwọn alábàárù kó o tán, 25,000. Ó ku 40,500 fún ọ: gbèsè 12,300 parẹ́, 28,200 di èrè. Bó bá di ọjọ́ méjì lo dúró, èrè ṣẹ́ku 3,200. Lọ́jọ́ kẹta, o ti wọ gbèsè 21,800, ó sàn kó o ti bọ̀ lófìfo.

Àmọ́ ìṣirò ọjọ́ yìí lójú méjì. Bí kò bá sí ẹrù kankan tó ń dúró dè ọ́ ní Kétu, ọjọ́ tó o fi jókòó ní Parakú kò yàtọ̀ sí èyí tó o máa fi jókòó nílé, àfi oúnjẹ àti ibi ìsùn. Pe ilé kó o tó pinnu.

Èmi náà ti jẹ ẹ́ rí, nígbà tí mo ṣì ń wakọ̀. Alágbàtà kan ní Parakú ní kí n dúró, òwú ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la náà di ọjọ́ mẹ́rin. Abẹ́ ọkọ̀ lèmi àti ọmọ iṣẹ́ mi tẹ́ ẹní sí, òun ń bá mi ka ìràwọ̀, èmi ń ka owó. Lọ́jọ́ karùn-ún òwú dé lóòótọ́, ọkọ̀ ẹlòmíràn ló gbé e. Látìgbà yẹn, ẹrù tí wọn ò bá tíì gbé owó díẹ̀ sílẹ̀ lé lórí, lójú tèmi, kò tíì sí.

Mọ oṣù pẹ̀lú. Láti nǹkan bí oṣù Kejì dé oṣù Karùn-ún ni kajú ń jáde lókè, láti 2024 tí ìjọba sì ti ní kí wọ́n má kó o lọ sókè òkun láìṣe é, iléeṣẹ́ abẹ́lé bíi ti Glo-Djigbé, ọgbà iléeṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ níbí, ló ń wá. Ìparí ọdún, òwú. Lásìkò yẹn o lè dín owó àlọ díẹ̀, torí o mọ̀ pé àbọ̀ ò ní ṣófo. Oníbàárà tó bá wá ní kó o gbé sìmẹ́ǹtì lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ṣábẹ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní ẹrù fún ọ, àlọ àti àbọ̀ ni kó o pè fún un, kó o sì sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀.

Ẹrù àpọ̀jù kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ. Òfin 14 tí UEMOA, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ń ná sẹ́fà, ṣe ní 2005 ti fi ààlà sí ìwúwo, táyà rẹ tó bẹ́ méjì náà sì ti sọ tẹnu ẹ̀.

Ra ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀. Ka aago nígbà tó o bá kúrò nílé, nígbà tí ẹrù wọlé, nígbà tí ẹrù sọ̀, àti nígbà tó o bá délé. Ṣe é fún oṣù mẹ́ta, kó o mú un wá fún mi ní Àjàṣẹ́.